Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Aṣèwádìí Iná Ní Ọ̀rọ̀ Afẹ́fẹ́ Epo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń fòfin dè ní kíláàsì mi kí n tó kọ ohunkóhun sára pátákó: èéfín. Ẹni tó bá ní "èéfín bẹntiróòlù ló gbaná" yóò ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún gbogbo wa. Iná ló ń bí èéfín. Ohun tí à ń wí yìí ti wà nílẹ̀ kí iná tó dé. Epo ń tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú kì í rí i, ó sì ń rìn nílẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Afẹ́fẹ́ epo ni mò ń pè é. Òórùn rẹ̀ tí ẹ̀ ń gbọ́ kàn ń ròyìn pé ó ti wọlé ni.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe panápaná nílùú Ìbàdàn yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mò ń kọ́ báyìí, àwọn kan jẹ́ panápaná, àwọn kan ọlọ́pàá, àwọn mìíràn wá láti iléeṣẹ́ adójútòfò. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bẹntiróòlù ń jó. Èmi ní láti kọ́kọ́ gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn, nítorí bẹntiróòlù tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kì í jó. Afẹ́fẹ́ tó jáde lára rẹ̀, tó ti pò pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ló ń jó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn, bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ẹ fi àbẹ́là bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, oorun á kùn wọ́n. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ tan àbẹ́là kan, kí ẹ jẹ́ kó jó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún títí ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ òwú yóò fi yọ́ dáadáa. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló ń jó. Ẹnì kan á ní òwú ni, ẹnì kan á ní ọ̀rá ni. Ẹ fẹ́ àbẹ́là náà pa. Ẹ óò rí nǹkan funfun tó gbéra bí òwú ìránṣọ. Ẹ yára mú ìṣáná tó ń jó, ẹ má fi kan òwú àbẹ́là o, inú nǹkan funfun yẹn lókè ni kí ẹ gbé e sí, bí ìbú ìka kan tàbí méjì sí òwú. Iná á fò sílẹ̀ lọ bá òwú, àbẹ́là á tún tàn.

Ẹ jẹ́ kí kálukú ṣe é fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàábìnrin kan ṣe é nígbà méje, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹlòmíràn bá mi fà á pé ẹ̀yin tí ẹ fòfin de èéfín, kí wá ni funfun yìí? Mo ní ọ̀rá tí kò tíì jó ni. Ooru sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, atẹ́gùn tútù wá mú kó funfun bí ìrì òwúrọ̀. Iná rìn nínú rẹ̀ padà sílé ni. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí iná tó ń rìn padà sílé, iṣẹ́ ti dín kù lọ́rùn olùkọ́.

Páànù àti agolo mílíìkì

Ìta gbangba ni ti ìkejì, kì í ṣe abẹ́ òrùlé. Kò sì yẹ kí ẹni tí kò tíì pa iná rí dá a dán wò nílé. Mo ní páànù kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tí oníṣẹ́ páànù kan ní Gate bá mi ká létí méjèèjì bí èyí tí wọ́n fi ń gba omi òjò. Mo máa ń gbé orí kan lé àpótí, orí kejì á wà nílẹ̀. Àbẹ́là tó ń jó wà ní ìsàlẹ̀. Àkísà kékeré wà nínú agolo mílíìkì ní òkè, bẹntiróòlù tó wà lára rẹ̀ kò ju ìdérí ike omi kan lọ. Kẹ́ẹ̀gì ti wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan di sílíńdà ìpaná mú, ẹnì kan dúró ti gárawá yanrìn, gbogbo ìyókù wà lẹ́yìn okùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á kọjá, kò sí nǹkan kan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lójijì iná á ti ìdí àbẹ́là gbéra, á sáré gun páànù, á bọ́ sínú agolo, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jó títí a ó fi dé e pa.

Ìgbà náà ni mo máa ń béèrè. Níbo ni iná ti sọ? Ìsàlẹ̀. Níbo ni epo wà? Òkè. Níbo ló jó jù? Òkè. Ká ní ẹ kò sí níbí, tí ẹ dé ní ọ̀la, tí ẹnì kan ti gbé àbẹ́là lọ, kí ni ẹ máa kọ sínú ìwé? Ibẹ̀ ni kíláàsì máa ń dákẹ́. Páànù tí iná gbà kọjá, ẹ fọwọ́ pa á, kò dúdú rárá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé agolo yẹn síbẹ̀ tí iná kò sọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sínú. Ojú kọ́kọ́ tì mí, mo wá rí i pé kò sí ẹ̀kọ́ tó dùn ún kọ́ tó o. Atẹ́gùn ti là á kọjá ìwọ̀n tó lè jó. Láti ọjọ́ náà, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò ní sọ, kí n tó fi búlọ́ọ̀kù àti tapólì dínà afẹ́fẹ́.

Ìwọ̀n tó ń jó

Ìgbà yìí ni ìṣirò tó wọlé. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ inú yàrá sí ọ̀nà 100, afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù ní láti tó nǹkan bí 1.4 nínú rẹ̀ kó tó lè gbaná, bó bá sì ti ju nǹkan bí 7.6 lọ, ó ti pọ̀ jù. Kò sí ará Ìbàdàn tí èyí kò yé, gbogbo wa la ti fa okùn jẹ́nẹ́rétọ̀ rí. Bí epo kò bá dé ibẹ̀, kò ní jí. Bí epo bá mu ún yó, kò ní jí náà, àfi kí ẹ dúró kó gbẹ díẹ̀. Ohun kan náà ni.

Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún wọn pé "ó ti pọ̀ jù" kò túmọ̀ sí pé ewu ti lọ. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn yàrá bẹ́ẹ̀ ló ń bá a bu afẹ́fẹ́ sí i. Yóò ré kọjá ibi tó ti pọ̀ jù bọ́ sí ibi tó ti ṣe wẹ́kú, lójú ẹni tó ṣílẹ̀kùn gan-an.

Gáàsì ìdáná tí à ń rọ sí sílíńdà, èyí tó jẹ́ propane nínú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2.1 dé 9.5. Ọtí líle bíi ethanol fẹ̀ jù wọ́n lọ, 3.3 dé 19, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fojú kékeré wo ike omi ìpakòkòrò ọwọ́ (sanitizer) tí àwọn èèyàn ń tò jọ. Ní ti ìwúwo, afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, ti gáàsì ìdáná jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì. Méjèèjì ń wá ilẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ káńtà, inú gọ́tà, kòtò tí mẹkáníìkì gbẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó tún ku bí epo ṣe ń gbóná tó kó tó tú afẹ́fẹ́ tó lè jó sílẹ̀. Bẹntiróòlù kò nílò ooru kankan lọ́wọ́ wa: ní bí ìdíwọ̀n Celsius 43 nísàlẹ̀ òdo, ó ti ń tú èyí tó pọ̀ tó sílẹ̀. Nínú fìrísà ilé yín pàápàá, kò ní dákẹ́. Kẹrosíìnì tó dára kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di bí ìdíwọ̀n 38. Dísù ń lọ sí 52 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ju ìṣáná sínú dísù tó dà sílẹ̀ lójúmọmọ tó sì gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ bi í dáadáa: ṣé orí kápẹ́ẹ̀tì ló dà sí ni, tó wá ń fà á bí òwú àtùpà? Ṣé ó ń tú jáde bí ìrì láti ara páìpù tó lu ni? Ṣé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì tí wọ́n fi bẹntiróòlù là, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ti fojú àwọn ìyá wa rí. Bẹntiróòlù díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti sọ àtùpà di bọ́ǹbù. Ẹ ṣáà má gbàgbé láti gba epo inú sítóòfù àti èyí tó ṣẹ́kù nínú ike tí wọ́n fi rà á.

Ọsàn ní Mọ́kọ́lá

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń lò, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan jó ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ iṣẹ́ ń rọ epo sínú jẹ́nẹ́rétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní alẹ́, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ríran. Gbogbo àdúgbò ti dájọ́ kí n tó dé: fóònù ni. Ọmọ náà fi Ògún búra pé kò sí iná nítòsí, jẹ́nẹ́rétọ̀ náà sì ti kú tipẹ́. Èmi gbà á gbọ́. Òótọ́ ló sọ, kò sí iná nítòsí rẹ̀.

Mo wọ inú ilé lọ. Yàrá kan wà lẹ́yìn, ìyá àgbà kan ló ń gbé ibẹ̀. Mo kí i, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?" Ó ní òun ń jẹ àmàlà lórí ẹní, àbẹ́là wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo òun. Ó ní iná náà kò wá bá òun láti ìta. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti sá lọ síta, ọmọ mi. Abẹ́ kọ́tìnnì ló gbà." Àwọn ọmọ rẹ̀ ń mi orí sí mi lẹ́yìn rẹ̀ pé kí n má dá a lóhùn, ọjọ́ orí ló ń bá a jà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló bó, etí ìró rẹ̀ nísàlẹ̀ ti ká kò, orúnkún rẹ̀ kò ní nǹkan kan.

Mo jáde sí ìyá ọlọ́sàn iwájú ilé, mo ní kó fún mi ní ọ̀kan tí kò tíì bó. Mo gbé ọsàn náà sílẹ̀ níbi tí jẹ́nẹ́rétọ̀ wà, mo sì fi í sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kínní ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì ó yí gba abẹ́ kọ́tìnnì kọjá, ó lọ dúró sídìí ẹní ìyá. Wọ́n ti ṣe ilẹ̀ náà kó máa da omi sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Epo tó dà sílẹ̀ lẹ́nu àrọ kò rìn dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló rìn, ó bá àbẹ́là pàdé, iná sì padà lọ bá ọmọ náà.

Ọsàn nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ o. Ilẹ̀kùn tó ṣí, fáànù, atẹ́gùn láti ojú fèrèsé, gbogbo wọn lè darí rẹ̀ gba ibòmíràn, torí bó bá ti pò mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, ìwúwo rẹ̀ á dín kù. Ọsàn, ọrùn ẹsẹ̀, etí ìró àti ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ló para pọ̀.

Kí wọ́n má bàa rò pé n kì í ṣìṣe, mo máa ń sọ ti Òjé náà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ilé kan jó níbẹ̀, mo rí wáyà tó yọ́, mo kọ "iná mànàmáná", mo bọwọ́ lù ú. Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà, mo pàdé ayálégbé ilé yẹn níbi ìkómọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ kẹta tí kò sí iná ládùúgbò ni ilé wa jó." Mi ò lè gbé jọ̀lọ́ọ̀fù iwájú mi mì. Wáyà máa ń yọ́ nínú iná, ohun yòówù kó dá iná náà sílẹ̀.

Kí ló tanná ràn án?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Èmi kì í gbà títí a ó fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ epo rìn dé. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ohun tó lè tanná ràn án kò ní pọ̀ mọ́: ohun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ní ìwọ̀n gíga tó dé, ní àkókò tó dé ibẹ̀.

Sìgá ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àjọ ATF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn ìbọn àti ohun abúgbàmù ní Amẹ́ríkà, gbé sìgá tó ń jó sínú afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù tó wà ní ìwọ̀n tó lè gbaná, ó ju ìgbà 2,000 lọ, kò gbaná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣáná tí wọ́n fi tan sìgá ńkọ́? Ìyẹn á tàn án láìṣiyèméjì. Ẹ má wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nídìí epo nítorí ohun tí mo sọ. Ohun tí mo ń wí ni pé "a rí ìdí sìgá" kò tó láti parí ìwé. Fóònù náà rèé: èmi ò tíì rí ẹjọ́ kan tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fóònù ló tan epo.

Sàléńsà jẹ́nẹ́rétọ̀ tó gbóná gba sùúrù. Nínú ilé àyẹ̀wò, bẹntiróòlù lè gbaná fúnra rẹ̀ láti bí ìdíwọ̀n 280, àmọ́ inú ìgò tí kò sí atẹ́gùn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Lórí irin gbígbóná ní gbangba, afẹ́fẹ́ epo máa ń gbéra kúrò kó tó gbóná tó, irin náà sì sábà máa ń ní láti gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà ẹ má kọ "ó kan sàléńsà" bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Fìrísà ni èmi máa ń wá. Ibi tí mọ́tò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, ilẹ̀ gan-an ni, ó sì lè ta pàrà nígbà tó bá ń jí. Ẹ tún wo súìsì, ṣéńjọ́fà, sítóòfù, àtùpà. Nígbà ọyẹ́, ẹ rántí iná tó máa ń ta wá lára tí a bá bọ́ aṣọ ọ̀lọ́ràá tàbí tí a bá di ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Agbára tó tó láti tan afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú millijoule kan, èyí tí ọwọ́ kò lè mọ̀ lára pàápàá. Èyí tó bá ti mú yín fa ọwọ́ sẹ́yìn ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú iná yẹn lè kó jọ sára kẹ́ẹ̀gì ike tí kò kanlẹ̀; bó bá wà nínú bùútù ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ epo sí i, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ àti ògiri kò sọ

A kọ́ àwa àgbà pé bí ògiri bá fọ́ láti ìsàlẹ̀, gáàsì tó wúwo ni, bó bá fọ́ láti òkè, èyí tó fúyẹ́ ni. Irọ́ ni. Ibi tí ògiri ti lẹ ló ti ń fọ́. Wọ́n tún kọ́ wa pé bí kọnkéré bá bó, bẹntiróòlù ni wọ́n dà síbẹ̀. Ooru lásán ń bó kọnkéré. Nígbà tí gbogbo yàrá bá sì ti gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ lè jó bí ibi tí omi dà sí, láìsí epo kankan. Ní Corsicana, ìpínlẹ̀ Texas, ilé Cameron Todd Willingham jó ní December 1991, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kú. Àwọn aṣèwádìí wo ilẹ̀, wọ́n ní ó da epo síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un, ìjọba sì pa á ní February 2004. Àwọn onímọ̀ iná tó tún ìwé náà yẹ̀ wò sọ pé ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀rí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò kí ń sọ nǹkan kan lẹ́yìn èyí, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n lọ mu omi.

Ẹnì kan á sì béèrè nípa ìbúgbàmù tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn níbí, ní January 16, ọdún 2024. Ìyẹn kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ epo, gómìnà sọ nígbà náà pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ ni. Irú ohun abúgbàmù bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò síbi tó wà. Afẹ́fẹ́ epo kì í gbẹ́ ihò, gbogbo yàrá ló ń tì síta.

Agolo, kì í ṣe ọ̀rá

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ẹ̀rí níbi tí iná kò lè dé: inú ojú là kọnkéré, abẹ́ ẹsẹ̀ àpótí, erùpẹ̀ ẹ̀bá ògiri, abẹ́ nǹkan tó wó bo ilẹ̀. Agolo irin tuntun bíi ti ọ̀dà tí wọn kò tíì lò, tó dé pinpin, ni kí wọ́n kó o sí, tàbí ìgò tó ní ìdérí gidi. Ẹ má lo ọ̀rá ráràrá, afẹ́fẹ́ epo ń gba ara ọ̀rá jáde, á sì dé ilé àyẹ̀wò lófìfo. Mo ti rí ọ̀rá dúdú alábọ́dé tí wọ́n so ní ìso mẹ́ta, tí wọ́n gbé sínú bùútù pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo ọkọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ mú ọ̀kan mìíràn láti ara irú nǹkan kan náà níbi tí epo kò kàn, kí ilé àyẹ̀wò lè mọ ohun tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ, ọjọ́, àkókò, ibi tí ẹ ti mú un, ẹni tó gbà á.

Ní ti ìwé kíkọ, NFPA 921, ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún ìwádìí iná, ti sọ láti ẹ̀dà 2011 pé kò tọ́ kí a yọ gbogbo ohun tó lè dá iná sílẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a wá mú èyí tó kù láìsí ẹ̀rí rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ mi kọ "a kò lè fìdí ohun tó dá iná sílẹ̀ múlẹ̀" ní ìgbà 10 sínú ìwé wọn, kó lè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá kan ní adójútòfò ní òun kò lè gbé irú ìyẹn lọ fún ọ̀gá òun. Mo ní kó fi nọ́ńbà mi sí i.

Lẹ́yìn kíláàsì, ẹ sá àkísà sí gbangba kó gbẹ, ẹ má fi í pamọ́ sínú ọ̀rá. Epo tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Tèmi ń padà sínú kẹ́ẹ̀gì irin, ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn, lẹ́bàá ọgbà tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé. Ìyàwó mi ló yan ibẹ̀. Ó ní òun náà ti fi ọsàn wọ̀n ọ́n.